Iná Tó Kọ̀ Tí Kò Kú Nínú Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iná náà ti tó, kí ẹ má baà rò pé iná tó jó ilé ni mo fẹ́ ròyìn. Kò ju èékánná ìka ọmọdé lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n. Wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré sí i lára, ó jókòó sójú dáṣíbọ́ọ̀dù píkọ́ọ̀pù bàbá mi, ó ń wò mí. Kì í ṣẹ́jú. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Pólì láàárọ̀, ó ń wò mí. Bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń wò mí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti sin bàbá, mo ti jókòó nípàdé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń ju àga. Ohun tí gbogbo ìyẹn kò lè fi mí ṣe, iná tí kò tó èékánná fi mí ṣe é: mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lójú títì.

Bàbá mi, Akínwándé, ló ni ọkọ̀ náà. Tíṣà ni wọ́n, tókúnbọ̀ ni wọ́n sì rà á, nígbà tí tókúnbọ̀ ṣì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń wà wọ àdúgbò kí gbogbo ilé jáde wá bá a dúpẹ́. Wọ́n fi kó iṣu láti abà wa lójú ọ̀nà Ìjàgbò, níbi tí mo ti dàgbà. Wọ́n fi kó àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìdíje. Aboyún méjì ni wọ́n fi gbé dé ọsibítù nínú òjò, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ń jẹ́ Akínwándé títí di òní. Nígbà tí wọ́n kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí a pín nǹkan, èmi ni ọkọ̀ kàn. Màmá mi, Susannah, tó bá mi wá sínú ìlú lẹ́yìn ìsìnkú, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà.

“Àyìndé,” wọ́n ní, “ìjókòó bàbá rẹ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ tó bá bá ẹlòmíràn jáde lágbàlá yìí, ọjọ́ náà gan-an ni mo di opó.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba kọ́kọ́rọ́.

Oṣù kọkànlá tó kọjá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ tí ọyẹ́ wọlé. Ẹ mọ ọyẹ́ ìlú wa: ètè a máa bẹ́, eruku pupa a máa wọ inú àpótí aṣọ tí a tì pa. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí àgbàlagbà tó gbàgbé ìborùn sílé, iná sì tàn. Mo wà á lọ sọ́dọ̀ Kabir, mẹkáníìkì wa láti ayé bàbá mi, ọkùnrin gíga kan tí òróró ẹ́ńjìnnì ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di méjì, pupa lójú, dúdú lọ́wọ́.

“Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀,” Kabir ní. “Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Púlọ́ọ̀gì ló ti gbó.”

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iná kú, ikọ́ dákẹ́. Mo kọrin délé. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ń yà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, iná yọ sí mi, kò ṣẹ́jú.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kabir ránṣẹ́ pe Hikmat. Pólì wa níbí ni Hikmat ti kàwé jáde. Ó ní ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, tó máa ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tí ọkọ̀ á sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́, ó tún hìjáábù rẹ̀ ṣe, ó ka ohun tó rí.

“P0171, sà. Ọkọ̀ ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó ń bá a pàdé lọ.”

“Epo kò tó!” Kabir ti fò dìde. “Pọ́ńpù epo ni.”

“Mi ò sọ pé pọ́ńpù ni o, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ sọ ibi tó ń dùn ún ni, kò tíì sọ ẹni tó gún un.”

“Ìyá Kọ̀ǹpútà! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, o ṣì ń yí táyà kiri nínú yanrìn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà yẹn náà lẹ ti ń pààrọ̀ pọ́ńpù.”

Kabir pààrọ̀ pọ́ńpù, Hikmat fi ẹ̀rọ rẹ̀ pa nọ́ńbà náà rẹ́. Iná kú. Lọ́jọ́ Ajé, iná jí. Ó tú àwọn ẹnu tó ń fọ́n epo, ó fọ̀ wọ́n bí ẹni ń fọ àwo àlejò. Iná kú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, iná jí. Ó ní afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan yọ́ wọlé. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi pa gbogbo rọ́bà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti wo ibi tí yóò hó. Kò síbi tó hó, àfi orí tèmi. Ó wá ní sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn èéfín lára sálẹ́ńsà. Ìyẹn la pààrọ̀ tí iná fi kú fún odidi ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ mọ́kànlá! Màmá ti lọ kí àbúrò mi obìnrin ní Ìlọrin nígbà náà, mo sì pè wọ́n lórí fóònù láti fún wọn níròyìn ayọ̀. Wọ́n yin Olúwa. Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ Ẹtì, àlàáfíà ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó béèrè tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, iná jí.

Ibì kan ṣoṣo wà tí Kabir kò fọwọ́ kàn. Ìgbàkígbà tó bá ṣí àpótí fílítà afẹ́fẹ́, ìyìn ni yóò fi tì í. “Ẹ wo fílítà yín, Alàgbà! Nínú ọyẹ́ yìí, ó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ì bá dáa kí gbogbo oníbàárà mi máa tọ́jú ọkọ̀ báyìí.” Mo máa ń gba ìyìn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Màmá ló ni ín. Láti ìgbà tí eruku ọ̀nà abà ti ń da ọkọ̀ láàmú, bàbá mi ti kọ́ wọn bí a ti ń ṣí ìdè méjì tó di àpótí náà mú, bí a ti ń gbọn fílítà mọ́ ògiri, bí a ti ń fi àkísà nu inú rẹ̀. “Ibí ló ti ń mí,” bàbá mi sọ fún wọn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ẹni ń gbá ojúlé. Mo ti rí i títí ojú mi kò fi rí i mọ́.

Mo wá mọ nọ́ńbà yẹn ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ mi lọ. P0171. Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kìíní, mo gbójú sókè nínú ìsìn, mo wo pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà orin sí lára ògiri. 171 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo pòṣé. Kì í ṣe òṣé inú. Òṣé tó dún dé ìjókòó àwọn alàgbà. Caroline, ìyàwó mi, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi ní ìhà.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni nǹkan bàjẹ́. Màmá dúró ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá, èmi àti Caroline nìkan la ń bọ̀ wálé. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ̀n, ó sì kú sórí ojú irin. Kì í ṣe ìtòsí ojú irin o. Orí rẹ̀ gan-an. Táyà iwájú ti kọjá, táyà ẹ̀yìn kò tíì dé.

Ọlọ́kadà kan dúró. “Daddy, ṣé rélùwéè lẹ fẹ́ bá jà ni? Ẹ mọ̀ pé òun kì í yà fún ènìyàn o!”

“Fi wọ́n sílẹ̀!” èkejì rẹ̀ dáhùn. “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí Daddy dúró dè é!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú, wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá wa tì í. Caroline náà tì í, tòun ti gèlè. Nígbà tí a dé ibi tó tẹ́jú, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. Tíṣà ni, ohùn tó fi ń dá kíláàsì lẹ́kun kò ju èyí tó fi ń béèrè iyọ̀ lọ. Ohùn yẹn ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

“Daddy Tófúnmi, ẹ ti gbọ́ ti Bọ̀dá Olúyẹmí, ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù ní Ìjàgbò. Ó ti ń bẹ̀ mí fún ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ní mẹkáníìkì tirẹ̀, ohun tó bá fẹ́ kó fi ṣe. Sátidé tó ń bọ̀ ni kó wá. Bí iná yìí bá ṣì ń tàn lọ́jọ́ náà, kó máa gbé e lọ. Bí kò bá tàn, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lẹ́nu mi mọ́ láéláé.”

“Màmá ńkọ́?”

“Ta ló máa sọ fún Màmá bí rélùwéè bá gbá wa?”

Mo ní ó dáa. Mo sọ ọ́ bí ẹni gbé egungun ẹja mì. A kò sì sọ fún Màmá.

Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, Kabir tú, ó dè, ó tún tú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin, mo bá a níbi tó jókòó lórí táyà, tó ń wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo àna tó kọ̀ tí kò lọ.

“Alàgbà,” ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, “kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣé kò sẹ́ni tó ń bínú yín? Bóyá ní àdúgbò. Bóyá níbi iṣẹ́ pàápàá.”

Ẹ gbọ́, ìnira ti mú mi dé ibi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ènìyàn lọ́kàn. Mo ti ka ẹni mẹ́ta kí Hikmat tó pòṣé lẹ́yìn wa.

“Ẹ̀gbọ́n Kabir, ẹ fi ọ̀tá sílẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ yìí ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn láti oṣù kọkànlá. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn èémí tó ń wọlé, èyí tó wà lókè fílítà yìí, ìgbà wo lẹ tú u wò kẹ́yìn?”

“Èyí? Kí ni yóò ṣe é? Ibẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo ọkọ̀!”

“Ìdí tí a kò fi wò ó náà nìyẹn.”

Ó tú ìdè méjèèjì, ó yọ sẹ́ńsọ̀ náà jáde. Kékeré ni, bí ìdérí ike omi, okùn wáyà tín-tìn-tín méjì wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa dán. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan ló bò wọ́n, ó ki, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìyẹ̀fun mọ́ ọwọ́ alákàrà. Hikmat fi ìka kàn án, ó fi í ra ẹ̀yìn ọwọ́. Ó yọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

“Daddy,” ó ní, “òrí ni.”

“Wallahi, kì í ṣe èmi!” Kabir ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Gíríìsì nìkan ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù! Ta ló ń fi òrí pa ọkọ̀?”

Hikmat na sẹ́ńsọ̀ náà sí mi. Mo fi í súnmọ́ imú, ó sì tán. Mo ti padà sí abà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ìdájí ọyẹ́ ni, mo wà láàárín orúnkún Màmá, mo ń já ara mi gbà. Imú mi ti dí. Wọ́n bu òrí látinú agolo wàrà, wọ́n fi ọmọńdinrín ìka wọn rọra rà á sí mi níhò imú ọ̀tún, wọ́n rà á sí tòsì. “Mí,” wọ́n ń wí. “Mí, Àyìndé mi.” Ìka tó tọ́ símú, òun la fi ń ro imú, ìka Màmá ló tọ́ sí tèmi.

Ibí ló ti ń mí, bàbá mi ti sọ fún wọn. Ọkọ̀ sì ti ń wúkọ́.

Kabir ti wo àìsàn náà sàn láti ọjọ́ tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, ìtọ́jú ló fà á. Bí Màmá bá ti gbọn fílítà tán ní Sátidé, wọn a ki ìka bọ ihò tó wà lókè rẹ̀, wọn a ra òrí sí i. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, òrí á yọ́, ọkọ̀ á fà á símú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ńsọ̀ kò ní mọ èémí mọ́. Ọkọ̀ á wúkọ́. Màmá á gbọ́ ikọ́ náà láti yàrá wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn a tún fi kún òrí.

Hikmat fọ́n oògùn sára sẹ́ńsọ̀, ó di funfun. Ó nu inú ihò náà, ó pa nọ́ńbà náà rẹ́. Iná kú. Mo wa ọkọ̀ náà dé ojú ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, mo wà á padà. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ó ní ṣebí mo délé, mo sọ fún Màmá. Mo délé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wí fún ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin pé, ẹ̀yin ni ikọ́ náà? Mo kí wọn, mo wọlé. Caroline béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe é. Mo ní wọ́n ti rí i. Ó ní kí ni? Mo ní ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí! Òrí tí ìyá mi fi tọ́ mi ni mo pè bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Sátidé kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi gbọ́ ‘kàtà’. Bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sáré jáde tèmi ti ṣòkòtò ìsùn. Màmá ti gbọn fílítà, ó fara ti ògiri. Agolo wàrà wà lórí bátìrì, ọmọńdinrín ìka wọn sì ti funfun.

“Màmá, ẹ dúró!”

“Àyìndé, ká tó sọ̀rọ̀, ẹ káàárọ̀ là ń wí.”

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ìka yẹn bọ̀ ọ́.”

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti kan géètì. Olúyẹmí ni, ọkùnrin kúkúrú kan tí eruku símẹ́ńtì wà nírun rẹ̀, tòun ti okùn ìfàkọ̀ lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Màmá.

“Ẹ káàárọ̀ Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹ kúkú ń tún un ṣe dè mí.”

“Ìwọ ta ni? Kí lo fẹ́ ṣe?”

“Ọkọ̀ ni mo wá gbé, Màmá. Mummy Tófúnmi ló ní kí n wá.”

Caroline ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wò ó, wọ́n wá wò mí. Wọn kò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn dúró, ìka wọn sókè, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

“Àyìndé, ṣé o ti tà á ni?”

Gbogbo rẹ̀ ni mo bá tú síta, níwájú àlejò: iná, ojú irin, àdéhùn, Hikmat, òrí. Màmá wo agolo. Wọ́n wo ihò inú ọkọ̀.

“Èmi ni àìsàn náà,” wọ́n ní, jẹ́jẹ́.

“Màmá, rárá o. Ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe imú gidi, òrí máa ń...”

“Dákẹ́.” Ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, mo mọ ojú yẹn. “Mo ra òrí símú rẹ láti ìgbà tí wọ́n bí ọ títí o fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àràárọ̀. Mo bi ọ́, Àyìndé: ǹjẹ́ iná tàn níwájú orí rẹ lọ́jọ́ kan?”

Caroline ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ìborí bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rí èémí mí, ó dìde, ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́, ó dá fílítà padà sáyè rẹ̀, ó ti àpótí, ó wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Olúyẹmí ki orí wọlé láti ojú fèrèsé, èmi náà ki orí wọlé láti apá kejì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn níbi tí iná yẹn máa ń gbé, bí ilé ẹni tó kó lọ.

“Bọ̀dá Olúyẹmí, ẹ má bínú,” Caroline ní, pẹ̀lú ohùn tó fi ń béèrè iyọ̀. “Mo ti sọ̀rọ̀, mi ò sì ní sọ méjì. Kò tàn.”

Olúyẹmí wo ọkọ̀, ó wo okùn ọrùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Òórùn òrí ni mo rìn wá gbọ́ láti Ìjàgbò,” ó ní. “Ó dáa náà. Ẹ kú orí ire.”

“Fílítà ńkọ́?” Màmá béèrè lọ́wọ́ mi. “Ṣé ẹ ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín, Màmá. Gbogbo Sátidé. Kabir ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Gbígbọn nìkan ni ká máa gbọn ọ́n.”

“Gbígbọn nìkan.” Wọ́n wo ọmọńdinrín ìka wọn tó ṣì funfun, òrí ti ń yọ́ bọ̀ sí oríkèé rẹ̀. “Èyí tí mo ti bù yìí ńkọ́? Òrí tó ti kúrò lágolo kì í padà síbẹ̀.”

Wọ́n fi ọwọ́ òsì pè mí. Olúyẹmí ń wò. Caroline ń wò. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé imú sókè. Wọ́n ra ọ̀tún, wọ́n ra òsì. Ó tutù, ó ta sánsán, mo sì mí.

Màmá di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi sí Olúyẹmí kó lè rí i dáadáa.

“Ṣé o rí i?” wọ́n ní. “Kò sí iná kankan tó tàn.”